Ẹ Jókòó Sí Síìtì Yẹn Dáadáa Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Báwa Yorùbá bá fẹ́ ra mọ́tò, à ń lajú wa dáadáa o. A ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó fa ọ́ìlì yọ wò, a ó tẹ táyà, a ó fẹ̀gbẹ́ wo ọ̀dà ara ẹ̀ bóyá wọ́n ti tún un kùn rí, a ó sì pe mẹkáníìkì wa sórí fóònù kó bá wa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Síìtì ńkọ́? A ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, a ó ní "lẹ́dà ni, ó mọ́ o jàre", ó parí. Èmi wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ báyìí pé síìtì yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ jókòó lé, ká sì pẹ́ lórí ẹ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ wa, pàápàá tó bá jẹ́ irú mọ́tò tí wọ́n ń pè ní nearly new níbí nílùú ọba.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, nearly new ni mọ́tò tí ò tíì ju ọdún kan sí méjì lọ, tí máìlì tó ti rìn ò pọ̀, tówó ẹ̀ sì ti wálẹ̀ dáadáa sí ti tuntun. Àwọn kan jẹ́ demo, ìyẹn èyí tí díìlà fi ń gbé kọ́sítọ́mà jáde wò, àwọn kan jẹ́ mọ́tò tí wọ́n ti fi háyà fún oríṣiríṣi èèyàn, àwọn míì sì wà tí díìlà kàn forúkọ ara ẹ̀ gbà sílẹ̀ kí iye tó tà lóṣù yẹn lè pọ̀ sí i. Gbogbo wọn ló ń dán, wọ́n ṣì ń rùn bíi tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti mọ́tò háyà yẹn wò, lónìí ọkùnrin gíga kan ló wà á, lọ́la obìnrin kúkúrú ni, kálukú ń fa síìtì síwá sẹ́yìn, wọ́n ń gbé e sókè sódò, àwọn kan á tún fi orúnkún kúnlẹ̀ lórí ẹ̀ láti mú ẹrù lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú síìtì gbóná wà lábẹ́ lẹ́dà níbẹ̀, orúnkún yẹn ló sì máa ń já a. Ẹlòmíì á da kọfí sí i. Síìtì ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn.

Ohun tó tún mú kó le ni pé mọ́tò tuntun ò ní lọ fún MOT àkọ́kọ́, ìyẹn àyẹ̀wò tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣe fún mọ́tò, títí á fi pé ọdún 3 ní England, Wales àti Scotland, ọdún 4 ni ti Northern Ireland. Tẹ́ ẹ bá wá ra èyí tó jẹ́ ọdún kan ààbọ̀, ìjọba ò tíì ní kẹ́nì kankan yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ẹnu díìlà lẹ máa gbọ́ ọ.

Tiwa, mọ́tò ilé kékeré kan ni, ó lé díẹ̀ lọ́dún kan, gárájì ńlá kan lẹ́yìn ìlú Birmingham la ti rà á. Nígbà tá a wà á wò, àárín ìlú ni, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ò jẹ́ ká sáré, kò sóhun tó ṣe é. Ìgbà tá a gbé e bọ́ sórí mótówéè M6 lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo tẹ búrẹ́kì, síìtì mi dún "kọ́" lábẹ́ mi, ó sún síwájú díẹ̀, kò tó ìdajì ìka. Mo tẹ iná, "kọ́", ó padà sẹ́yìn. Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló ń dún lábẹ́ yín yẹn?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ká tó délé, òun náà fa síìtì tiẹ̀ sẹ́yìn kó lè na ẹsẹ̀, iná airbag, ìyẹn báàgì tó máa ń bú jáde gba èèyàn tí mọ́tò bá kọ lu nǹkan, bá tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú mọ́ títí tá a fi páàkì.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń gbé mọ́tò lọ bá, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó dé ibí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, àbí mo kàn ń rò ó lọ́kàn ni." Kò tiẹ̀ wo apá ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó ní kí n jókòó, kí n fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò, kí n di síárìn mú, kí n wá máa ti ara mi síwá sẹ́yìn, òun sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá ó ní, "Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó." Ráìlì méjì ló wà lábẹ́ síìtì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ráìlì kọ̀ọ̀kan ní ihò wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀ léra, eyín irin kan sì wà tó máa ń já bọ́ sínú ihò yẹn téèyàn bá ti ju irin tó fi ń sún síìtì sílẹ̀. Eyín ti apá ilẹ̀kùn wọlé ṣinṣin. Ti apá jíà, ńṣe ló gorí etí ihò, kò wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló di síìtì mi mú látìgbà tá a ti gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn, àwa àtàwọn ọmọ lẹ́yìn, lórí mótówéè tí gbogbo ayé ti ń sáré àádọ́rin máìlì láàárín wákàtí kan.

Lábẹ́ síìtì ìyàwó mi, ó tọ́ka sí wáyà kan tórí ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ó ní kẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n má fọwọ́ kan ìyẹn láéláé, airbag ló wà lópin ẹ̀, ó lè bú mọ́ èèyàn lára. Ẹnì kan ti fi tipátipá fa síìtì yẹn rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹrù abẹ́ ẹ̀ ló fa wáyà, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ti dẹ̀, tí síìtì bá ti lọ sẹ́yìn ó ń já, kọ̀ǹpútà mọ́tò á sì tan iná. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí iná airbag bá ti dúró bẹ́ẹ̀, kò dájú mọ́ pé airbag máa ṣí nígbà tó bá yẹ kó ṣí. MOT pàápàá ò ní gba mọ́tò tí iná yẹn bá ń tàn. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ wọlé ká kúrò níbẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá fọwọ́ kan nǹkan kan níbí, díìlà á ní àwa la bà á jẹ́. Ya fídíò ẹ̀, kó o gbé e padà fún wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí síìtì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé a ò kà á kún. Ọ̀gbẹ́ni Nils Bohlin tó ń ṣiṣẹ́ fún Volvo ló gbé bẹ́líìtì tó so mọ́ ibi mẹ́ta jáde lọ́dún 1959, irú èyí tí gbogbo wa ń lò báyìí, ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1983 nijọba Britain sì sọ ọ́ di dandan fáwọn tó wà níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ibi tá a ń ki bẹ́líìtì yẹn bọ̀, ara férémù síìtì ló so mọ́. Ìyẹn ni pé bí síìtì bá ń rìn, bẹ́líìtì náà ń bá a rìn. Airbag ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń wà nínú síìtì, lápá tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ibi ìgbérílé yẹn náà, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ wálẹ̀ pátápátá torí ó ń dí wa lójú, ọrùn ló ń gbà là tí ẹlòmíì bá kọ lù wá látẹ̀yìn. Saab lọ́dún 1997 àti Volvo lọ́dún 1998 ti ṣe síìtì tó ń sún fúnra ẹ̀ láti gba orí àti ẹ̀yìn èèyàn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àjọ Euro NCAP tó ń dán ààbò mọ́tò wò ní Yúróòpù sì ti ń fi ẹ̀rọ wọn síìtì wò lórí ọ̀rọ̀ ọrùn yìí láti nǹkan bí ọdún 2008. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ní "síìtì lásán ni, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣáà dáa", kò tíì mọ ohun tó ń rà.

Mọ́tò tó tuntun náà ń níṣòro yìí o. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ìwé ìròyìn mọ́tò kan ní Finland ló rí i pé nínú mọ́tò Polo tuntun, Ibiza àti Arona, bẹ́líìtì ẹni tó jókòó lápá òsì lẹ́yìn lè ṣí fúnra ẹ̀ tí ẹnì kan bá wà láàárín tí mọ́tò sì ń sáré yà lójijì, Volkswagen sì ní láti pe àwọn mọ́tò yẹn padà. Lóṣù kìíní ọdún 2014, Toyota dá títa àwọn mọ́tò kan dúró ní Amẹ́ríkà torí aṣọ inú síìtì tó ń gbóná ò bá òfin iná wọn mu. Fún ìdí yìí, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba gov.uk, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ rà síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sọ fún yín bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá a padà wá tún ṣe rí tí wọn ò sì tíì ṣe é.

Ó yá, díìlà. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó gbé fóònù níwà, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ó ní gbogbo irú mọ́tò yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó máa mọ́ mi lára, pé kí n gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí àwọn mẹkáníìkì wọn ò ráyè. Kò séèébú níbẹ̀, kò síjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn dáadáa. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òfin kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act 2015, oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló sọ pé tẹ́ ẹ bá ra nǹkan lọ́wọ́ oníṣòwò tó sì lábùkù, ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kẹ́ ẹ sì gba gbogbo owó yín. Tí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, ẹ̀tọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, ó wá di pé kẹ́ ẹ fún wọn láyè ẹ̀ẹ̀kan láti tún un ṣe. Tí àtúnṣe yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣì lè dá a padà tàbí kí wọ́n dín owó yín kù, àmọ́ lórí mọ́tò wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ owó ibi tẹ́ ẹ ti wà á dé. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè wọ́n láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, kí ló kù fún yín?

Mo gbé ímeèlì jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò gùn. Mo kọ ọjọ́ tá a gbà á, mo kọ ohun tí síìtì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, mo ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, mo fi fídíò méjèèjì sí i, mo wá kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé mo ṣì wà nínú ọjọ́ 30 mi, pé mo lè gbà kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ mi láti dá a padà. Fídíò yẹn ṣe pàtàkì torí téèyàn bá fẹ́ gba gbogbo owó ẹ̀ láàárín ọjọ́ 30, òun ló máa fi hàn pé àbùkù yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà tó ti gbà á. Tó bá jẹ́ àtúnṣe lẹ ń béèrè láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, díìlà ló máa fi hàn pé kò sí níbẹ̀. Ohun kan tún wà tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tẹ́ ẹ bá gbà kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọjọ́ 30, kíkà ọjọ́ yẹn á dúró títí tí wọ́n á fi dá mọ́tò padà, lẹ́yìn náà ẹ ní ìyókù ọjọ́ yín, tàbí ọjọ́ 7 tí ìyókù yẹn ò bá tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dáhùn. Ohùn ti yí padà pátápátá, àwọn mẹkáníìkì tí ò ráyè ti ráyè. Ẹnì kan kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé wáráńtì kì í bo síìtì, pé lílò ló mú un gbó. Mo ní ẹ má bínú, mi ò mẹ́nu ba wáráńtì. Wáráńtì jẹ́ àdéhùn tó wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ló sì ti ń lọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀yin rà á. Òfin tí mo ń sọ wà láàárín èmi àti ẹni tó tà á fún mi. Òfin yẹn ní kí nǹkan dára tó bó ṣe yẹ kéèyàn retí lójú owó tó san àti ohun tí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń tà á, ó sì dárúkọ ìrísí, àbùkù kékeré, ààbò àti pípẹ́. Tí wọ́n bá ti pè é ní nearly new tí wọ́n sì gba owó nearly new, síìtì ọdún kan ò gbọdọ̀ gbó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá gbé e, wọ́n fún wa ní mọ́tò míì lò. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo férémù abẹ́ síìtì mi, wọ́n sì tún ojú wáyà yẹ́lò yẹn ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ àti ohun tí wọ́n pààrọ̀, wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, eyín méjèèjì wọlé. Látìgbà náà kò tíì dún.

Àǹtí mi kan ní Leeds ò bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi ìgbẹ́yìnlé síìtì wọn ló ń yọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n bá ń wakọ̀, ẹ̀yìn sì ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń fi pe díìlà tiwọn, díìlà á ní "ẹ má bínú, a ó pè yín padà", títí oṣù fi kọjá. Nígbà tí àǹtí wá fẹ́ dá a padà, díìlà ní òun ò rí i nínú àkọsílẹ̀ pé wọ́n pe òun rí. Inú bí mi gan-an lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni àǹtí, wọn ò fẹ́ kẹ́nì kankan pe àwọn ní oníwàhálà nílùú onílùú. Mo sì mọ̀ pé wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ohun tó gba àǹtí sílẹ̀ ni pé owó yíyá, ìyẹn finance, ni wọ́n fi rà á. Tó bá jẹ́ hire purchase tàbí PCP, oríṣi méjì tí wọ́n fi ń san owó mọ́tò díẹ̀díẹ̀, ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó ló ni mọ́tò náà lábẹ́ òfin, àwọn náà lẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí, tí wọn ò bá yanjú ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń yanjú ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó, láìsan kọ́bọ̀. Tó bá sì jẹ́ káàdì kírẹ́díìtì lẹ fi san, kódà kó jẹ́ díẹ̀ nínú owó ẹ̀, tí mọ́tò náà ju 100 pọ́n-ùn lọ tí ò ju 30,000 lọ, Section 75 inú òfin Consumer Credit Act 1974 ní báńkì náà máa dáhùn sí i. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ aládàáni ni kò ní púpọ̀ nínú ààbò yìí, kó ṣọ́ra gan-an ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé tí mo bá tẹ̀ lé ẹnì kan lọ wo mọ́tò. Mo máa ní kí wọ́n páàkì ẹ̀ síbi tó tẹ́jú, mo máa mi síìtì méjèèjì bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi, mo máa sún un lọ síwájú pátá àti sẹ́yìn pátá lójú iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá tan mọ́tò, iná airbag gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí ò tàn rárá ń bà mí lẹ́rù ju èyí tí ò kú lọ. Mo máa tan síìtì gbígbóná kí n sì dúró kó gbóná kárí, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló máa gbóná. Mo máa fa bẹ́líìtì jáde tán, mo máa jẹ́ kó padà, lẹ́yìn náà mo máa já a gììrì bóyá ó ń há. Lẹ́yìn, mo máa ki ọwọ́ bọ ibi tí wọ́n ń so síìtì ọmọdé mọ́, ISOFIX yẹn, torí ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 12 tí ò sì ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ jókòó sínú tiẹ̀ níbí. Ẹ rántí pé ohun tí díìlà bá ti fi hàn yín kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ò lè pè é lábùkù mọ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan, kí wọ́n tún un ṣe kówó tó jáde, kó sì wà nínú ìwé.

Àwọn ará ilé náà ń bi mí léèrè, ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Àbúrò mi fẹ́ ra ọ̀kan ní Berger l'Ékòó, wọ́n ní first body ni, kò tíì ní jàǹbá rí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń wọlé bẹ́ẹ̀ ló ti ní jàǹbá lókè òkun tàbí tí omi ti gbé. Mo ní kó wo ẹ̀gbẹ́ síìtì lápá ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti ran pátákó kékeré "airbag" mọ́. Tí airbag bá ti bú jáde níbẹ̀ rí, ńṣe ló máa ń fa ojú rírán ya, ọ̀gá onísíìtì á sì tún un rán. Kó fi ìka tọ òwú yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sì fi wé ti síìtì kejì. Ó pè mí lórí fídíò, òwú apá dẹ́rẹ́bà nípọn ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò sì tò. Iná airbag ò tàn rárá nígbà tí wọ́n ṣí mọ́tò. Bẹ́líìtì fà jáde, kò padà wọlé. Mo ní kó kúrò níbẹ̀, ó kúrò, ó rí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Fún ti omi, ẹ fa bẹ́líìtì jáde dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ fi àmì sí i, ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ráìlì àti bólítì abẹ́ síìtì bóyá ó ti dípẹtà, torí wọ́n máa ń fọ aṣọ síìtì, àmọ́ kì í sábàá sẹ́ni tó ń ráyè abẹ́ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ láṣọ ní Ládípọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rán ìbora tó di ẹ̀gbẹ́ síìtì pa o, airbag ò ní ráàyè jáde. Ẹ ní irú èyí tí wọ́n là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ fẹ́, ẹ dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi wọ̀ ọ́ tán, kẹ́ ẹ sì já náílọ̀ǹ tó wà lórí síìtì yẹn dànù, tuntun tàbí tòkunbọ̀.